Àwọn Obìnrin Ẹlẹ́ja Ti Gbá Gọ́ọ̀fù Rí: Ẹ Yé Sọ Pé Eré Ọkùnrin Olówó Ni

Bí obìnrin bá dá a lábàá láàárín wa pé òun fẹ́ kọ́ gọ́ọ̀fù, wọ́n á bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ti di ọ̀gá nílé iṣẹ́ epo, tàbí kí wọ́n ní kó lọ fi owó yẹn ra ilẹ̀. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ méjèèjì ni pé eré ọkùnrin olówó ni gọ́ọ̀fù, pé bó ṣe wà látayébáyé nìyẹn, pé obìnrin tó ń ṣọ́ owó ná kò ní nǹkan án wá níbẹ̀. Irọ́ ni, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ obìnrin sá fún eré tí wọn ì bá máa ṣe títí ọjọ́ ogbó wọn.

Scotland ni eré náà ti gbilẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rí wà. Ìlú kan wà létí òkun nítòsí Edinburgh tó ń jẹ́ Musselburgh. Àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń kó ẹja sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á pọn ọ́n sẹ́yìn, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn lọ tà á ní Edinburgh. Àlùfáà ìjọ àdúgbò náà, Alexander Carlyle, kọ̀wé nípa wọn nínú àkọsílẹ̀ tó jáde ní 1795. Ó ní àwọn ẹlẹ́ja wọ̀nyí máa ń gbá gọ́ọ̀fù lọ́jọ́ ìsinmi. Ó tún ní ọjọ́ kan wà lọ́dún tí àwọn abilékọ máa ń bá àwọn tí kò tíì lọ́kọ figa gbága nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, àwọn abilékọ ló sì máa ń borí. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 1810, ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Musselburgh pinnu pé àwọn á fún obìnrin tó bá mọ̀ ọ́n gbá jù lọ́dún tuntun ní ẹ̀bùn. Kí ni ẹ̀bùn náà? Apẹ̀rẹ̀ tuntun tí wọ́n fi ń kó ẹja àti ìborùn kan, wọ́n sì fi aṣọ ìnujú sílíkì méjì lé e. Ta ló ń fún ìyàwó ọlọ́lá ní apẹ̀rẹ̀ ẹja? Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń fún: obìnrin tó máa gbé apẹ̀rẹ̀ náà pọ̀n lọ sọ́jà tílẹ̀ bá ti mọ́.

Ibo wá ni ìgbàgbọ́ pé eré ọkùnrin olówó ni ti wá? Ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó tilẹ̀kùn ni. Royal and Ancient Golf Club ti wà ní ìlú St Andrews ní Scotland láti 1754, àmọ́ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò pé kí obìnrin máa wọlé. Augusta National ní Amẹ́ríkà gba obìnrin ní 2012. Ní Muirfield, ní Scotland bákan náà, ìbò 2016 kò tó láti ṣílẹ̀kùn fún obìnrin, àfìgbà tó di 2017. Ní 2022, àwọn obìnrin gbá Women's Open, ìdíje ńlá tiwọn, lórí pápá Muirfield yẹn kan náà, Ashleigh Buhai ọmọ South Africa ló sì gbégbá orókè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nìyí: pápá Old Course ní St Andrews, tó wà lẹ́nu ọ̀nà Royal and Ancient, ẹgbẹ́ náà kọ́ ló ni ín. Ilẹ̀ ìlú ni. Lọ́jọ́ Sunday wọn kì í sábà gbá gọ́ọ̀fù lórí pápá náà, àwọn ará ìlú á wá máa fi ajá wọn nasẹ̀ lórí rẹ̀. Lóòótọ́, owó tí àlejò ń san láti gbá níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n nítòsí rẹ̀ ni pápá tí wọ́n ń pè ní Himalayas wà, níbi tí àwọn obìnrin ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti 1867. Ẹnikẹ́ni ló lè san owó táṣẹ́rẹ́ níbẹ̀ lónìí, kó gba ọ̀pá, kó máa ti bọ́ọ̀lù sínú ihò. Àwọn òyìnbó amúnisìn ò kó irú èyí wá fún wa. Ẹgbẹ́ onílẹ̀kùn ni wọ́n kó wá. Ikoyi Club ní Èkó ṣì ń jẹ́ 1938, ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀, mọ́ orúkọ rẹ̀ dòní. Ògiri àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni àwọn bàbá wa rí, wọ́n sì gbà pé ohun tí gọ́ọ̀fù jẹ́ nìyẹn.

Àwọn obìnrin dúdú ní Washington kò gbà. Ní 1937, Helen Webb Harris kó àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sílé rẹ̀, wọ́n sì dá Wake Robin Golf Club sílẹ̀. Ọkọ wọn ń gbá gọ́ọ̀fù, àwọn náà fẹ́ gbá, òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò sì jẹ́ kí àwọ̀ dúdú dé ọ̀pọ̀ pápá ìjọba. Àwọn àti ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin fúngun mọ́ ìjọba títí pápá Langston fi ṣí ní 1939. Pápá gbogbo èèyàn ni, ó sì ṣì wà níbẹ̀.

Ó wá ku owó. London ni mò ń gbé, ibi tí mo mọ̀ ni mo sì máa sọ.

Òfin gọ́ọ̀fù ní ọ̀pá 14 ni èèyàn kò gbọdọ̀ kọjá. Kò sọ iye tí kò gbọdọ̀ dín sí. Àwọn tó ń tajà ló sọ 14 di ohun tó pọn dandan. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò ju putter kan (ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò), ọ̀pá onírin nọ́ńbà 7, wedge kan (èyí tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè nítòsí ihò), àti hybrid kan fún ibi tó jìnnà. Driver, ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù, lè dúró ná. Ẹ ra àlòkù. Ẹ wo ibi tọ́wọ́ ń dì mú: bí rọ́bà rẹ̀ bá ti ń dán tó sì ti le gan-an, yóò máa yọ̀ lọ́wọ́, ẹ ó sì ní láti sanwó pààrọ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹ fi ìyẹn dúnàádúrà. Ẹ fi èékánná tọ ojú irin náà, kí ẹ mọ̀ bóyá àwọn ìlà rẹ̀ ṣì jìn. Ẹ di orí rẹ̀ mú, kí ẹ rọra yí i. Bó bá mì tàbí tó ń dún, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ má sì sanwó lé àwọ̀ píǹkì. Ohun tó ya ọ̀pá obìnrin sọ́tọ̀ ni pé ó kúrú díẹ̀, ó fúyẹ́, igi rẹ̀ sì rọ̀. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ga tí apá yín sì lágbára, ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún àwọn ọkùnrin tó ti darúgbó lè bá yín mu dáadáa, àlòkù rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà ju ti obìnrin lọ. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n hú jáde nínú adágún odò, tí wọ́n fọ̀, ti tó. Inú igbó ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa sọnù sí níbẹ̀rẹ̀.

Tó bá kan ibi tí ẹ ó ti gbá a, ẹ wá pápá káńsù, tàbí èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ 9 péré. Wọn kì í béèrè káàdì ẹgbẹ́, ṣòkòtò tó mọ́ àti bàtà eré ìdárayá sì ti tó. Láti 2021 ni England Golf, àjọ tó ń bójú tó gọ́ọ̀fù ní England, ti ní ètò iGolf fún ẹni tó bá fẹ́ handicap (nọ́ńbà tó ń fi bí èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó hàn) láì wọ ẹgbẹ́ kankan.

Ibi tí mo ti máa ní kí ẹ nawó ni ọ̀dọ̀ olùkọ́, pàápàá ẹ̀kọ́ tí èèyàn mẹ́rin márùn-ún jọ ń gbà. Bí ọwọ́ ṣe ń di ọ̀pá mú ni kó kọ́kọ́ kọ́ yín. Ẹni tó bá fún un pinpin bí ọmọrí odó kì í rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ dìde nílẹ̀.

Ìtìjú ń lé obìnrin kúrò lórí pápá bí owó ṣe ń lé e. Bí àwọn tó wà lẹ́yìn bá yára jù yín lọ, ẹ yà, ẹ ní kí wọ́n kọjá. Bí ihò kan bá ti sú yín, ẹ mú bọ́ọ̀lù yín nílẹ̀, kí ẹ lọ sí èyí tó kàn. Kò sẹ́ni tó máa bínú.

Nílé ní Nàìjíríà, ó nira jù báyìí lọ, n kò ní purọ́. Ẹgbẹ́ ló ni ọ̀pọ̀ pápá, owó ìwọlé sì lè ga. Síbẹ̀, ẹ wo àwọn pápá tó jẹ́ pé iyanrìn tí wọ́n fi òróró pò ló wà nídìí ihò dípò koríko, tí kádì (ẹni tó ń báni gbé ọ̀pá) máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Brown ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun nílé, kádì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò bá owó níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́, ẹ béèrè bóyá àlejò lè sanwó lo ibi ìgbáradì wọn nìkan, ẹ béèrè ọjọ́ tí àwọn obìnrin máa ń pàdé, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà ta ló ní ọ̀pá tí kò lò mọ́.