Ádífẹ́ńtì kì í ṣe kíka ọjọ́ de Kérésìmesì

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á kọ ọ́ síta pé Ádífẹ́ńtì ni ọjọ́ 24 tí à ń fi retí ọmọ jòjòló, láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kejìlá, ọ̀pọ̀ èrò á sì máa ṣe àmín sí i. Irọ́ méjì ló wà níbẹ̀.

Ti ọjọ́ kò le rárá. Ẹ wá Sọ́ńdè tó kẹ́yìn ṣáájú ọjọ́ 25 Oṣù Kejìlá, kí ẹ ka Sọ́ńdè mẹ́ta sẹ́yìn sí i; ibẹ̀ ni Ádífẹ́ńtì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí Kérésìmesì fúnra rẹ̀ bá bọ́ sí Sọ́ńdè, ẹ má kà á mọ́ ọn. Kíkà á mọ́ ọn ni wọ́n fi máa ń ṣì í. Ìdí nìyẹn tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fi ń sún láàárín 27 Oṣù Kọkànlá àti 3 Oṣù Kejìlá. Gbogbo Ádífẹ́ńtì gba ọjọ́ 28 ní 2022, ó sì di ọjọ́ 22 péré ní 2023. Ní Milan ní Ítálì, tí wọ́n ní ìlànà ìsìn tiwọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ń ṣe. Kàlẹ́ńdà onílẹ̀kùn 24 tó ti Jámánì wá, èyí tí ọmọdé ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan lójoojúmọ́, ló kọ́ yín ní ọjọ́ kìíní, kì í ṣe ìwé ìsìn.

Irọ́ kejì ló burú jù. Ẹ ṣí ìwé kíkà Máàsì, tó ń yí po lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta (A, B àti C), sí Sọ́ńdè àkọ́kọ́: Mátíù 24 lọ́dún A, Máàkù 13 lọ́dún B, Lúùkù 21 lọ́dún C. Ibo ni ibùjẹ ẹran wà nínú gbogbo ìyẹn? Ọjọ́ Nóà ni ẹ ó bá níbẹ̀, àti baálé ilé tí kò mọ ìgbà tí olè máa dé, àti àmì nínú oòrùn àti òṣùpá. Ìpadàbọ̀ Olúwa ni wọ́n ń sọ. Sọ́ńdè kejì àti ìkẹta jẹ́ ti Jòhánù Onítẹ̀bọmi, àgbàlagbà tó ń wàásù ní aginjù. Ó di Sọ́ńdè kẹrin kí ọ̀rọ̀ tó kan Màríà àti Jósẹ́fù, Lúùkù 2, ìtàn ìbí Jésù, sì di òru Kérésìmesì. Mo gbà pé láti ọjọ́ 17 Oṣù Kejìlá ni ìsìn ti ń kọjú sí ìbí Jésù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́jọ péré nìyẹn.

Wọ́n á ní kíka ọjọ́ ń kọ́ ọmọdé ní sùúrù. Kí wọ́n máa kà á, ṣùgbọ́n sùúrù tí ìwé kíkà ń sọ yàtọ̀. Ní Sọ́ńdè kẹta ọdún A, Jákọ́bù 5 ní ká mú sùúrù bí àgbẹ̀ tó ń retí àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò òjò. Àgbẹ̀ wo ló ń káwọ́ gbera de òjò? Ó ti ṣán oko, ó ti gbìn, ó ṣì ń ro ó. Lọ́dún C ẹ̀wẹ̀, àwọn èrò bi Jòhánù pé, "Kí ni ká ṣe?" Kò ní kí wọ́n lọ jókòó. Ẹni tó ní ẹ̀wù méjì, kó fi ọ̀kan fún ẹni tí kò ní. Agbowó-òde kò gbọdọ̀ gbà ju iye tí wọ́n là sílẹ̀. Ọmọ-ogun kò gbọdọ̀ fipá gba nǹkan ẹni, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ tó o.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tan àbẹ́là mẹ́rin, elésè àlùkò mẹ́ta àti aláwọ̀ rósì kan: Sọ́ńdè kẹta ni ti rósì, kì í ṣe ìkẹrin. Ẹ sì fi orin ìbí Jésù sílẹ̀ di alẹ́ ọjọ́ 24. Àsìkò tirẹ̀ ń bẹ, ó ń lọ títí di àjọ̀dún Ìtẹ̀bọmi Olúwa nínú Oṣù Kìíní, nígbà tí ọ̀pọ̀ yín ti tú igi Kérésìmesì ká láti ọjọ́ 26.