Lọ́yà tó di Ọnọ́rébù: ẹ jẹ́ ká rí ìbò tó dì

Bí èèyàn bá gba Òkè-Arin wọ Ìdúmọ̀tà lásìkò ìdìbò, ògiri ni yóò sọ fún un ẹni tó fẹ́ wọlé. Lórí pósítà àkọ́kọ́, lọ́yà wa wọ aṣọ dúdú, ó dé wíìgì funfun, wọ́n kọ "Barr." síwájú orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, pósítà mìíràn gun ti àtijọ́ lórí. Agbádá ti rọ́pò aṣọ dúdú, fìlà abetí-ajá ti gbapò wíìgì, "Barr." ti di "Hon.", ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta sì tò lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀ bí ẹrù ìyàwó. A wo pósítà náà títí, a ò rí òfin kan ṣoṣo níbẹ̀.

Òfin la sì torí ẹ̀ rán an lọ sí Aláùsá, níbi tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó wà. Ká ní kápẹ́ńtà la dìbò fún, à bá ní kò mọ̀. Lọ́yà mọ̀. Ó ti gba béèlì èèyàn ní kóòtù májísíréètì, ó ti rí bí gbólóhùn kan tí wọn ò kọ dáadáa ṣe ń lé odindi ìdílé sí títì.

Ẹ wo òfin ilé yíyá tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011. Ó ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó bá rú u, owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n Èbúté-Mẹ́ta wà nínú rẹ̀, Ṣómólú náà wà níbẹ̀, ẹ sì bi ẹni tó ń wá yàrá kan níbẹ̀ léèrè. Owó ọdún méjì ni ajẹ́ńtì máa kọ́kọ́ dá lé e, kó tó wá kan àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́n. Àgírímẹ́ǹtì yẹn, lọ́yà ló ń gbà á. Ó lè jẹ́ pé lọ́yà tiwa náà ti gbà á rí. A ò fi bú u, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ṣebí òyìnbó tó ṣe léèdì náà ló ṣe írésà. Ẹni tó mọ ibi tí òfin ti ń jò, ibẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dí tó bá dé Ilé.

Kò tíì sẹ́ni tó ń dìbò yan aṣòfin l'Ékòó nígbà tí lọ́yà ti wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin. Christopher Sapara Williams, ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, wà níbẹ̀ láti 1901 títí tó fi kú ní 1915. Gómìnà òyìnbó ló fi í síbẹ̀, ara ìbá sì tù ú ká ní ó panu mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba gbé òfin ọ̀tẹ̀ wá ní 1909, èyí tí wọ́n fẹ́ máa fi mú àwọn tó ń kọ̀wé ta ko ìjọba, Sapara Williams dìde, ó ta kò ó. Òfin náà wọlé, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀. Síbẹ̀, ó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, a ṣì mọ ibi tó dúró sí, torí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwọ tó ń gbé Láfíàjì tàbí Yábà, ǹjẹ́ o mọ ibi tí ọnọ́rébù tìrẹ dúró sí lóṣù tó kọjá? Abẹnugan á ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn wí, ohùn á sọ lálá, òòlù á dún, ó parí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2025, àwọn aṣòfin Èkó yọ Mudashiru Obasa, tóun náà jẹ́ lọ́yà, nípò abẹnugan, wọ́n fi Mojisola Meranda síbẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jókòó sórí àga náà. Nígbà tó di ọjọ́ 3 oṣù kẹta, Meranda kọ̀wé fipò sílẹ̀, Obasa padà sípò. Ilé kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, láàárín ọ̀sẹ̀ méje. Kí ló yí wọn lọ́kàn padà? A ò sọ pé ẹnikẹ́ni jẹ̀bi. Ohun tí à ń sọ ni pé ó yẹ kí kálukú wọn wálé wá ṣàlàyé fún àwọn tó rán an níṣẹ́.

Ohun tí a fẹ́ kò le. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó máa tẹ orúkọ àwọn 40 jáde lórí àbádòfin kọ̀ọ̀kan: ẹni tó gbà, ẹni tí kò gbà, ẹni tí kò sí níjòókòó. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ní kí Ilé jókòó fún ọjọ́ 181 ó kéré tán lọ́dún. Ó ní ẹni tó bá pa ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìjókòó jẹ láìnídìí, àga rẹ̀ ti bọ́. Ta ló ń bá wa kà á? Kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá pẹ̀lú, torí Ilé yìí náà ló ṣe òfin tó ń dáàbò bo èdè Yorùbá, tí gómìnà buwọ́ lù ní 2018. Lọ́yà tó bá ṣì ń gba ẹjọ́, kó sọ fún wa bí oníbàárà rẹ̀ bá ní nǹkan níwájú ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tó wà.

Àwọn ọnọ́rébù á ní ará ìlú ò béèrè òfin, ìrẹsì ni wọ́n ń béèrè. Òótọ́ wà níbẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ kì í lù kí èrò tó kún ẹnu géètì wọn: owó ilé ìwé, owó ìsìnkú, owó ilé ìwòsàn. Àwa òǹkàwé àti òǹkọ̀wé náà wà lára èrò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pín ẹ̀rọ ìlọta fún ogójì èèyàn ní ẹkùn tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé àwòrán ló ń yà. Òfin kan lórí owó ilé á kàn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Orúkọ 40 kò kún ìlàjì ojú ìwé. Bí àwọn aṣòfin bá ní kò sí owó ìtẹ̀wé, kí wọ́n fi ìwé ìbò náà ránṣẹ́ sí wa lọ́jọ́ tí wọ́n bá dìbò. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́jọ́ kejì, lọ́fẹ̀ẹ́.