Owó Ta Ni Abramovich Fi Ra Chelsea?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe Roman Abramovich, olówó ará Rọ́ṣíà tó ni Chelsea tẹ́lẹ̀, ní olóore létí mi mọ́. Ní Sátidé tó kọjá, nílé tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa, àwọn ọmọkùnrin kan ń ṣàdúrà pé kí Olúwa rán ọ̀gá bí Abramovich sí wọn. Àdúrà yẹn dùn mí wọra.

Voronezh ni mo ti kàwé, ní Rọ́ṣíà. Màmá tí mo háyà yàrá lọ́wọ́ wọn ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ìjọba. Ní January 1992, ìjọba jọ̀wọ́ iye owó ọjà, kò bá wọn dá iye lé e mọ́, ọjà sì wọ́n gógó. Kí ọdún tó parí, owó mọ́tò tí màmá àti ọkọ wọn ń tọ́jú sí báńkì kò ra ẹ̀wù òtútù mọ́. Ọdún náà ni ìjọba pín ìwé fáúṣà fún tọmọdé tàgbà, 10,000 rúbù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé ìpín oníkálukú nìyẹn nínú iléeṣẹ́ tó jẹ́ ti gbogbo ìlú. Chubais, ọ̀gá ìjọba tó ṣètò rẹ̀, sọ pé ìwé kan á tó mọ́tò Volga méjì. Màmá ta tiwọn, wọ́n fi ra ṣúgà àti bàtà òtútù fún ọmọ. Bàtà yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí mo débẹ̀ ní 2008. Awọ rẹ̀ ti sán, ìdè ẹsẹ̀ kan ti já, màmá ò gbà kí wọ́n dà á nù. Wọ́n á ní, “Ìpín mi nínú Rọ́ṣíà nìyẹn.”

Ta ló wá kó ìyókù? Ní 1995, ìjọba yá owó lọ́wọ́ àwọn báńkì, ó fi ìpín iléeṣẹ́ epo àti ti kùsà dógò, kò sì san án, ìpín náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nǹkan bí 100 mílíọ̀nù dọ́là ni Abramovich àti Berezovsky, tí wọ́n jọ ń ṣòwò, fi gba ohun tó lé ní ìdajì iléeṣẹ́ epo Sibneft. Ní 2005, Gazprom, iléeṣẹ́ gáàsì tó jẹ́ ti ìjọba, san ohun tó lé ní 13 bílíọ̀nù dọ́là láti gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin Sibneft padà. Epo yẹn ló sọ Abramovich di olówó tó ra Chelsea ní 2003. Ẹni tó bá sọ pé ọgbọ́n òwò ni, kó wá bá mi wo bàtà yẹn.

Kí n tó kúrò, mo bi màmá bóyá wọ́n fẹ́ kí ayé Sófíẹ̀tì padà, ìgbà tí iléeṣẹ́ ṣì jẹ́ ti ìjọba. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ní àwọn ò lè tò sórí ìlà fún búrẹ́dì bíi tìgbà yẹn mọ́ láé. Mi ò rí èsì fọ̀ títí dòní.