Kẹ́ ẹ tó ní ehoro yín ń jowú, ẹ wo imí ẹ̀ ná

Ẹ kú alẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Ṣómólú pè mí lálẹ́ Sátidé tó kọjá, ohùn ẹ̀ ò dáa rárá, ó ní ehoro òun ò fẹnu kan nǹkankan látàárọ̀, ó kàn ká kò sí kọ̀rọ̀ kéèjì, ó kẹ̀yìn sí gbogbo èèyàn. Ó ní òun mọ nǹkan tó ń ṣe é, torí pé òun ra ehoro kejì wálé lọ́sẹ̀ yẹn ni, ó ń jowú. Mo ní ìgbà wo ló su gbẹ̀yìn? Ó dákẹ́, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó ní o ò lójútì, mò ń sọ̀rọ̀ ẹran tó ń bínú fún ẹ, ìwọ ń bèèrè imí. Mo ní lọ fa páálí tó wà lábẹ́ kéèjì yẹn jáde kó o tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Mi ò bá a ṣeré o. Ojú mi ti rí i rí, nígbà tí mo ṣì ń gbé yàrá kan ní Bàrígà. Ehoro àkọ́kọ́ tí mo sìn, funfun báláú, Ṣúgà là ń pè é. Tó bá ti rí ewé yúnyun lọ́wọ́ mi báyìí, ńṣe ló máa nàró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bí ọmọ tó ń retí ìyá ẹ̀ láti ọjà. Lọ́jọ́ kan ó kàn wò mí, kò dìde. Mo fún un ní kábéèjì, kò jẹ, mo fún un ní búrẹ́dì (mo ti mọ̀ báyìí pé búrẹ́dì ò dáa fún un, ẹ má bú mi), kò jẹ, ó kàn ń wa eyín pọ̀, ojú ẹ̀ là dé ìdajì. Àǹtí mi ní kí n fi í sílẹ̀ jàre, tí ebi bá pa á, á jẹ. Mo fi í sílẹ̀. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, ó ti le gbagidi.

Ọ̀rọ̀ "tí ebi bá pa á, á jẹ" yẹn ni mò ń bá jà látọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ajá nìyẹn. Ajá lè gbààwẹ̀ odidi ọjọ́ kan kó ṣì máa ju ìrù kiri. Ìfun ehoro dà bí ẹ̀rọ ata tí kò gbọ́dọ̀ kú, èyí tó ń wọlé látẹnu ló ń ti tinú jáde, tí ti iwájú bá ti dúró ti ẹ̀yìn náà á dúró, afẹ́fẹ́ á wá kún ibẹ̀, inú á máa run ún, inú rírun yẹn ò sì tún ní jẹ́ kó jẹun, bó ṣe máa ń le sí i nìyẹn, kò sì lè bì torí ehoro kì í bì. Tó bá ti pé bíi wákàtí 12 tí kò jẹ tí kò su, ẹ má dúró dọ̀la mọ́.

Nǹkan tó ń tàn wá jẹ ni pé kì í pariwo. Ẹran tí gbogbo nǹkan ń pa jẹ nínú igbó ni, èyí tó bá ṣe bí aláìsàn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé, torí náà ó máa ń bo àìsàn mọ́ra títí ọ̀rọ̀ á fi bẹ́yìn yọ. Imí ẹ̀ nìkan ni kò lè purọ́. Tó bá ń su róbótó róbótó, tẹ́ ẹ fọ́ ọ tẹ́ ẹ rí koríko nínú ẹ̀, ara ẹ̀ dá nìyẹn. Tó bá wá ń kéré bí kóró inú ìbẹ́pẹ, tàbí tí irun so wọ́n pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, wàhálà ti ń bọ̀ nìyẹn. (Èyí tó rọ̀ tó ṣù bí àjàrà, tó máa ń fẹnu gbà nídìí ara ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àrùn o, oúnjẹ ẹ̀ ni. Ẹnì kan ní Mushin ní òun máa ń na tòun tó bá ti ń jẹ ẹ́. Ẹ dákun.)

L'Ékòó níbí, ooru ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Oṣù kẹta, kò síná, kéèjì wà lábẹ́ páànù, ehoro kì í sì í làágùn bíi tiwa, etí ẹ̀ ló fi ń lé ooru jáde, tó bá ti kọjá 30 dígíríì ara ti ń ni ín. Ẹ fi aṣọ wé omi dídì inú ike kẹ́ ẹ gbé e tì í. Bángà Dìsẹ́ńbà náà ń dẹ́rù bà á débi tí kò fi ní jẹun, fíìdì tẹ́ ẹ ṣàdédé pààrọ̀ náà lè fà á. Eyín wá ni baba ẹ̀. Eyín ehoro ò dáwọ́ dúró títí ayé ẹ̀, ti iwájú ń gùn ní bíi mìlímítà 2 lọ́sẹ̀, koríko tó ń lọ̀ ṣáá ló ń bá a dín in kù. Ẹni tó ń fún un ní fíìdì àti bisikíìtì nìkan, eyín ẹ̀gbẹ́ á hu ṣóṣóró, á máa gún un láhọ́n. Ẹ máa rí i pé ó ń sáré wá síbi oúnjẹ, á gbóòórùn ẹ̀, á tún padà. Àgbọ̀n ẹ̀ á máa tutù.

Ti ìwà ńkọ́? Èyí tó ń gbé ara ẹ̀ lé ẹ lẹ́sẹ̀ lánàá tó wá ń gé ẹ jẹ lónìí, tí kò sì tíì ju oṣù 4 sí 6 lọ, ó ti bàlágà ni, kò sẹ́ni tó sà sí i. Abo tó ń fa irun àyà ẹ̀ tu tó ń kó koríko sẹ́nu kiri, tí kò sì sí akọ nítòsí, ara ẹ̀ ló ń tàn án pé ó lóyún, á tó bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó lọ. Ìyẹn ò lè pa á.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni oògùn. Ẹ má fún un ní ampicillin tàbí amoxicillin tẹ́yin fúnra yín ń lò, ó ń pa kòkòrò rere inú ìfun ẹ̀, ó sì lè pa òun náà. Ẹni tó ta á fún aládùúgbò wa kan sọ pé kò ní wàhálà. Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ẹ kọ́kọ́ pè kẹ́ ẹ bèèrè pé ṣé wọ́n ti tọ́jú ehoro rí, torí èyí tó pọ̀ nínú wọn ajá àti adìyẹ ni wọ́n mọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi fa páálí yẹn jáde, ó ní bí kóró inú ìbẹ́pẹ ni lóòótọ́, kò ju mẹ́rin lọ. Alẹ́ yẹn náà ló wọ kẹ̀kẹ́. Eyín ẹ̀gbẹ́ ni, wọ́n gé ṣóṣóró ẹ̀ kúrò, wọ́n fún un ní oògùn ìrora, wọ́n ní kó máa fi ike abẹ́rẹ́ tí ò lórí fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ Túsìdeè WhatsApp mi dún, fọ́tò imí róbótó róbótó kún inú páálí, kò kọ nǹkan kan sábẹ́ ẹ̀. Ìyàwó mi yọjú sí fóònù, ó ní ta ló ń fi irú èyí ránṣẹ́ sí yín láàárọ̀ kùtù.