Ìyàwó Ìjọba

Ta ló tiẹ̀ sọ fún àwọn ọ̀gá ilé-ìwé pé ọ̀sán Sátidé ló yẹ kí wọ́n máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp?

Ìnáwó òkú ìyá ọ̀rẹ́ mi ló gbé mi dé Ìsẹ́yìn, ọ̀rẹ́ tí a jọ pín bẹ́ẹ̀dì kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Owó kọ́pẹ́rétífù ni mo fi ra aṣọ ẹbí, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Òkèlè àkọ́kọ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sẹ́nu tí fóònù dún. Píríńsípà ni. Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí lẹ́sìn nóòtù gbogbo táàmù wà lórí tábìlì òun kí aago mẹ́jọ tó lù. Àwọn aláṣejù ti ń dáhùn: "Ó ti yé wa, mà." Ẹnìkan tún fi àwòrán ọwọ́ àdúrà sí i! Àdúrà kí ni?

Mo dìde. Ọ̀rẹ́ mi tó ń jó lọ́wọ́ bojú wẹ̀yìn, ó rí mi pẹ̀lú báàgì, kò sọ nǹkan kan. Títí di òní, tí mo bá pè é, "mò ń bọ̀ wá pè ọ́" ló ń wí. Mo délé, mo na ìwé sórí tábìlì ìjẹun. Ọkọ mi wò mí títí, ó ní, "Ìyàwó ìjọba, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó lọ bu oúnjẹ ara rẹ̀.

Kí sì ni mò ń kọ? "Fáwẹ́lì àìránmúpè Yorùbá jẹ́ méje." Ọdọọdún ni mò ń dà á kọ sínú ìwé tuntun, tí mo fi owó ara mi rà. Méje ni wọ́n lọ́dún tó kọjá, méje náà ni lọ́dún yìí. Àbí ẹnìkan ti bí ìkẹjọ?

Àwọn alábẹ̀wò dé lọ́jọ́ Ajé lóòótọ́. Wọ́n béèrè ilé ìyàgbẹ́, wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé àlejò, wọ́n mu mínírà, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó ṣí nóòtù kankan. Mo ní kí n béèrè ìgbéga mi lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní fáìlì ṣì wà lọ́nà. Fáìlì tó ń fẹsẹ̀ rìn láti èṣí!

Òfin ọdún 2022 sì ní olùkọ́ lè ṣiṣẹ́ títí di ẹni ọdún 65. Wọ́n ní oore ni wọ́n ṣe wá. Kí n máa ka fáwẹ́lì di 65!

Ó dáa. Kí ìjọba kúkú gba ọkọ mi ní mẹ́sẹ́ńjà, kí wọ́n fún ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù nínú ọgbà ilé-ìwé. A ó máa ríra ní bíréèkì. Òkú tó bá tún kú, orí pápá asẹ́ńbílì la ó ti ṣe é, kí píríńsípà jókòó síwájú, kó máa pín sùvẹ́níà.