Ẹ Jọ̀ọ́ Sà, Ẹ Jókòó

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára tíkẹ́ẹ̀tì: aago méje ààbọ̀ ni eré yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ yóò dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí orin yóò fi dánu dúró, ìgbà náà ni wọ́n á tó sìn ín dé orí ìjókòó rẹ̀. Òyìnbó tó kọ ọ̀rọ̀ yìí kò ní èrò ibi lọ́kàn. Ó ṣáà rò pé gbogbo orin ló ní òpin ni. Ta ni ì bá bá wa sọ fún un pé olórin jùjú ló ń bọ̀ wá kọrin ní tíátà rẹ̀?

Ẹ̀yin náà ẹ rántí àwọn àwo àtijọ́. Ojú kan, orin kan. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún, ogún ìṣẹ́jú, abẹ́rẹ́ á máa lọ. Olórin á ti orí ìyìn Ọlọ́run bọ́ sórí oríkì olówó, á ti ibẹ̀ bọ́ sórí ọ̀tá, á padà wá kí ìyá olówó, gìtá kò ní sinmi. Nígbà tí Island Records, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde, fẹ́ ta King Sunny Adé fún àwọn òyìnbó lọ́dún 1982, orin méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tò sínú àwo náà, kí àwọn èèyàn wọn lè rí ibi tí wọ́n á ti mí. Ẹnikẹ́ni kò ṣe irú àánú bẹ́ẹ̀ fún àwọn aláṣẹ tíátà tiwa.

Èmi dé lásìkò. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, rédíò inú ọkọ̀ á ti máa bi mí pé kí ló dé. Ìyá àwọn ọmọ mi náà dé lásìkò, nítorí mo ti sọ fún un pé aago mẹ́fà ni. Ẹni tó yà mí lẹ́nu ni olórin fúnra rẹ̀. Baba tó jẹ́ pé nílé, tó bá ní òun ń bọ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, olóde á ti sun oorun àkọ́kọ́ kó tó dé! Aago méje ààbọ̀ géérégé ló fi ohùn sí i. N kò ní dárúkọ rẹ̀ fún yín, ẹ óò ní kí n bá yín gba nọ́ńbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ òyìnbó lè tún àgbàlagbà tọ́ o.

Ilé náà kò tóbi, bí ìjókòó igba ni. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wa, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ká kóòtù lé itan. Àwọn èèyàn wa ṣì wà nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń sọ lórí fóònù pé àwọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n wá dé ẹnu ọ̀nà lóòótọ́, ọmọbìnrin kan tó mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ dá wọn dúró: ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù kí orin yìí parí. Wọ́n ní sùúrù. Olórin ń kí àwọn tó wá láti Manchester. Wọ́n tún ní sùúrù. Olórin ń kí àwọn àna àwọn tó wá láti Manchester. Kò pẹ́ tí èrò ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi pọ̀ ju èrò inú ilé lọ, ẹ sì mọ irú wa: ibi tí Yorùbá bá ti pé mẹ́wàá, tí ìlù sì ń gba ara ògiri jáde, òde àríyá ti dé nìyẹn. Wọ́n ju ẹsẹ̀. Màmá kan tú ṣinṣín jáde nínú báàgì. Wọ́n ní ọmọbìnrin onítọ́ọ̀ṣì yẹn pàápàá ti ń mi èjìká kí ìsinmi àárín eré tó dé.

Nínú ilé, wàhálà tiwa yàtọ̀. Òyìnbó tó jókòó lápá òsì mi fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ọmọlúàbí ni, ó mọ̀ pé bí orin bá tán, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún olórin. Gìtá á rọlẹ̀, á gbé ọwọ́ sókè. Onígángan á já a gbà, á sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á dákẹ́, á tún gbé ọwọ́ sókè, àwọn elégbè á gbé e. Nígbà tó yá, ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Ó wá tẹ̀ sí mi létí, ó ní irú orin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Lọ́ńdọ̀nù ni àbí? Mo ní, ọ̀gá, ọbabìnrin yín ti fi oyè MBE dá I.K. Dairo lọ́lá lọ́dún 1963, jùjú náà ló sì fi gbà á. Ẹ̀yin náà lẹ pẹ́, ìjókòó yín kàn wà nínú ilé ni.

Èmi wá dìde láti jó. Ẹ ò rí i, ìlù ti pe orúkọ oríkì mi, kí ni kí n ṣe? Iná tọ́ọ̀ṣì là mọ́ mi lójú: ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó. Mo jókòó. Mo ń fi èjìká jó. Mo ń fi ọrùn jó. Ẹ̀yìn ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹni tó jókòó lẹ́yìn mi gbé ife bíà rẹ̀ dání gírígírí. Mo bọ́ sí ojú ọ̀nà tó wà láàárín ìjókòó, tọ́ọ̀ṣì tún dé. Ó ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dí ojú ọ̀nà yẹn, nítorí iná. Iná wo? Ó wá ṣàlàyé fún mi nígbà ìsinmi, tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀, pé lọ́dún 1887 iná jó tíátà kan ní Exeter, èèyàn mẹ́rìndínláàádọ́wàá ló bá a lọ, àwọn tó wà lókè kò tètè rí ọ̀nà jáde. Láti ìgbà náà ni wọ́n kò ti fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà àbájáde ṣeré mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, Ọlọ́run kó má jẹ́ ká rí iná. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹ̀yin ará, ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi ni kò jẹ́ kí n ju ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Ibi tá a ti ń sọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ti sọ aṣọ ìkélé irin tí wọ́n fi ń dènà iná kalẹ̀ níwájú pèpéle, kí gbogbo wa lè rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi figbe ta. Ó ní wọ́n ti ti baba mọ́lé, bóyá ọ̀rọ̀ físà ni.

Ọ̀rọ̀ gèlè ńkọ́? Àǹtí kan jókòó ní ìlà kejì, ó wé onílegogoro, kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni tọkọtaya òyìnbó kan wà. Ọkọ ní gèlè yẹn mà dára o. Ó tún ní ó dára gan-an. Ìgbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni mo sọ fún ìyàwó mi pé ọkùnrin yìí ń sunkún ni. Àǹtí yí ojú padà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún gèlè ṣe kó lè ga sí i.

Lẹ́yìn ìsinmi, tí èrò ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti wọlé tán, owó bẹ̀rẹ̀. Pèpéle kò ga ju orúnkún lọ, ẹ̀gbọ́n kan kàn gbé ẹsẹ̀ kan lé e, ó dé iwájú olórin. Òun ló ti ń pariwo ní gbogbo ọ̀nà pé nílé, òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007 ti ba ayé jẹ́: kéèyàn ná náírà lé olórin lórí, ó kéré tán, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà, tàbí méjèèjì. Ó ní ibí lòmìnira wà. Ó fa £5 yọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí baba. Ó yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Ó mú òmíràn. Ó tún yọ̀. Láti 2016 ni àwọn èèyàn yìí ti ń sọ owó bébà wọn di rọ́bà, rọ́bà kò sì mọ òógùn lọ́rẹ̀ẹ́! Nígbẹ̀yìn ó kúkú di ọwọ́ mú un níbẹ̀, ó tẹ owó mọ́ orí àgbàlagbà bí ẹni tó ń yẹ ibà wò. Bẹ́ẹ̀ ni £5 yẹn ló kéré jù lọ, wọ́n ti kó £1 oníbébà kúrò nílẹ̀ láti 1988. Bí ìlù bá wọ ẹ̀gbọ́n lára tán, owó iná oṣù yẹn ti lọ. Àwọn tó gbọ́n ti ṣẹ́ dọ́là kan-kan wá láti ilé.

Kí n má parọ́, inú ilé kékeré yẹn ni mo ti kọ́kọ́ mọ ohun tí mo fi fẹ́ràn baba yìí. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, àwa là ń wo olórin, lójú tẹlifíṣọ̀n fífẹ̀ kan báyìí. Níbí, òun ló ń wò wá. Ó rí ẹni tó ń sunkún, ó yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú orin. Ó rí ẹni tó ń tẹ fóònù, gángan bú u. Ó ti darúgbó o, ó ń fi awò ka orúkọ àwọn tí yóò kí nínú ìwé kan tó ká sọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ohùn náà kò tíì já. Àti pé nítorí pé wọ́n fi ipá mú mi jókòó, mo gbọ́ ohun tí gìtá kejì ń ṣe. Gbogbo ọdún tí mo fi ń jó, n kò mọ̀ pé ẹnì kan wà nídìí gìtá yẹn.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀, wọ́n tan iná. Baba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé ara òun ń gbóná bọ̀ ni. Òyìnbó mi wá pàtẹ́wọ́ nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, ó pa á títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó ní orin tó rọlẹ̀ tó jinlẹ̀ yẹn, kí lọ̀rọ̀ inú rẹ̀? Mo ní ó ń kí ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Mercedes.

Ọ̀rọ̀ wá kó sórí WhatsApp. Màmá tó wá láti Kent ní ẹ̀rọ kò dún tó, òun ṣì ń gbọ́ ohun tí òun ń rò. Àwọn èrò ọ̀dẹ̀dẹ̀ búra pé kò sí òde tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, ó sì jẹ́ pé ìdajì ló ṣojú wọn. Ọmọ mi obìnrin tí wọ́n bí síbí ní orin náà dára, ṣùgbọ́n kí ló dé tí baba yẹn ń ka orúkọ bí olùkọ́? Orúkọ yìí gan-an ló dá ìjà sílẹ̀. Olórin ti kí “ọmọ Adé tó ń ṣe bẹbẹ l'Óyìnbó.” Ẹ̀gbọ́n onírọ́bà ní òun ni. Alága ẹgbẹ́ wa, tóun náà ń jẹ́ Adé, ní kí ẹ̀gbọ́n má ṣe gba oríkì olóríkì. Dókítà kan ní Adé lorúkọ bàbá òun, ó sì fi ìwé ìrìnnà ránṣẹ́ láti fi hàn. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ká fídíò gbé e síta, kí a lè wo ẹni tí olórin nàka sí.

Fídíò dé ní aago méjì òru. Gèlè ló kún un láti òkè dé ilẹ̀. A gbọ́ “ọmọ Adé,” a gbọ́ gángan, a sì gbọ́ ohùn kan tó ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó. Àwọn Adé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àwọn lọmọbìnrin yẹn ń bá wí.