Ṣé ṣọ́jà nìkan ló ń ṣe kúù ni?

Inú ń bí mi látàárọ̀. Bàbá kan pe ètò rédíò tí mo ń gbọ́, wọ́n ní kúù, ìyẹn gbígba ìjọba lọ́nà tó lòdì sófin, ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tógò. Atọ́kùn ò jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣọ́jà wo lẹ rí lórí tẹlifíṣàn?" Ó rẹ́rìn-ín, ó gé ìpè wọn.

Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Lẹ́nu àwa tá à ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, kúù ti di ti aláṣọ ogun nìkan. Bẹ́ẹ̀, àwọn Faransé tó ni ọ̀rọ̀ náà ò fi mọ síbẹ̀. Nígbà tí òǹkọ̀wé Faransé kan, Gabriel Naudé, kọ̀wé nípa coup d'État ní 1639, ohun tí alákòóso fúnra rẹ̀ bá ṣe lójijì tó kọjá òfin ló ń sọ. Ẹ wo Louis-Napoléon Bonaparte. Ààrẹ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n dìbò yàn ni, òfin ò sì fún un láyè láti tún du ipò náà. Ní òru tó mọ́ ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, ọdún 1851, ó ní kí wọ́n lọ mú àwọn aṣòfin lórí ibùsùn wọn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìkéde rẹ̀ ti wà lára ògiri káàkiri Párísì pé òun ti tú ilé aṣòfin ká. Ààrẹ tó wà lórí àga ló ṣe é!

Ní Tógò, ilé aṣòfin yí òfin padà ní 2024, wọn ò bi aráàlú. Aráàlú ò dìbò yan ààrẹ mọ́. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2025, Ààrẹ Faure Gnassingbé bọ́ sórí àga tuntun, ti olórí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà, tí kò ní gbèdéke sáà. Àwọn alátakò ibẹ̀ pè é ní coup d'État constitutionnel, kúù tí wọ́n fi òfin ṣe. Nígbà tí ṣọ́jà gbàjọba ní Niger ní 2023, àwa Nàìjíríà ti bodè, a gé iná wọn. Ta ló ti bodè mọ́ Tógò?

Ohun kan ṣì ń dà mí láàmú o. Alpha Condé, ààrẹ Gínì nígbà náà, yí òfin ibẹ̀ padà ní 2020 kó lè ṣe sáà kẹta. Ní 2021, ọ̀gá ṣọ́jà kan, Mamady Doumbouya, kó ṣọ́jà wá lé e, àwọn èèyàn ń jó ní títì Conakry. Mo fẹ́ sọ pé kúù ni méjèèjì. Àmọ́ bí ṣọ́jà bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ààrẹ ló kọ́kọ́ ṣe é, ṣé n ò ti fún un ní àwíjàre báyìí?